Ọ̀pá Akódà Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Rodiat

Ọjọ́ tí wọ́n gba Dáúdà Ajíbọ́lá síṣẹ́ aláàbò àdúgbò ní Itamaga, wọ́n kó ohun ìjà lé e lọ́wọ́. Ohun ìjà náà ni fèrè kan, bàtà tó fi ìka mẹ́ta tóbi jù ú lọ, àti tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti kú láti ayé Nóà. Ìbọn kò sí níbẹ̀. Kóńdó pàápàá, wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ọdún kẹfà rèé, kóńdó náà ṣì wà lọ́nà. Ọ̀gá tó ń pín nǹkan ní tí wàhálà bá dé, kó fọn fèrè, ọlọ́pàá tó níbọn á gbọ́, á sì wá.

"Ọ̀gá, níbo lọlọ́pàá náà máa wà tó fi máa gbọ́?"

"Ní àgọ́ wọn ni."

Dáúdà dúpẹ́. Láti oríta Itamaga dé àgọ́ tí ọ̀gá ń wí yẹn, ọmọge tó bá gbéra níbí á ti di ìyá àgbà kó tó débẹ̀. Fèrè ọ̀hún sì ni, tí Dáúdà bá fọn ọ́n, ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í gbójú sókè.

Nígbà tó kó ẹrù náà dé Ìgbògbò, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá Yasir, ṣé ìlú lẹ fẹ́ lọ ṣọ́ ni, àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù?"

Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni Dáúdà. Ó ti pa ẹja lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ó sì ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkòròdú, títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí kì í bá ìyàwó jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ọ̀pá bàbá àgbà rẹ̀ yọ.

Akódà ni bàbá àgbà náà, Tìrìmísíyù, ní Ẹ̀pẹ́ láyé òyìnbó: ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó ń jíṣẹ́ kóòtù, tó sì ń mú ẹni tó bá rúfin. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé wọn, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ àti ata púpọ̀, òyìnbó kọ́kọ́ kó sójà oníbọn wá, àwọn èèyàn ọ̀nà jíjìn tí kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wò wọ́n lójú, ìbọn. Ẹni tí kò bá wò wọ́n lójú, ìbọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọjà dá páropáro, òyìnbó kò rí ẹni ta ẹyin fún un mọ́. Ó wá jókòó ro ọ̀rọ̀ náà fún òjò mẹ́ta gbáko, orí rẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Ó rí i pé inú ọkọ̀ ojú omi ni ọta ìbọn kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀, èèyàn mẹ́fà ló sì ń fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó yìn ín. Ọ̀pá ńkọ́? Inú igbó ló wà, ọ̀fẹ́ ni. Ó tún rántí ibi tó wà. Àwọn tó bá ọba wọn tí òyìnbó lé kúrò l'Ékòó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, ìbọn ni wọ́n gbé sábíyá wá, àwọn ọmọ wọn kò sì tíì sọ ọ́ nù. Kí òyìnbó tún wá fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ìbọn ìjọba fún ọmọ Ẹ̀pẹ́? Ó sàn kó gbé ìkòkò tíì ẹ̀ fún un. Bó ṣe pe Tìrìmísíyù nìyẹn, ó fún un ní fìlà pupa, ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù alábọ́tìnnì idẹ, ó ní kó lọ mú àwọn ọ̀daràn wá.

"Kí n fi kí ni mú wọn, sà?"

Òyìnbó nawọ́ sí ọ̀pá.

Báyìí ni ọlọ́pàá tí kò níbọn ṣe bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé Ajíbọ́lá ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe àánú ló bí i. Ìbẹ̀rù àti ìwà ahun ló bí i.

Ohun tó ya òyìnbó lẹ́nu ni pé ọ̀pá ọ̀hún ṣiṣẹ́. Kò mọ̀ pé kí òun tó dé, ọ̀pá ni ìránṣẹ́ ọba máa ń mú lọ́wọ́ tó bá ń jíṣẹ́, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n. Tí Tìrìmísíyù bá dé ilé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, á fi ọ̀pá dábùú ẹnu ọ̀nà, á sì lọ jẹun. Ẹni tó wà nínú kò ní jáde, ẹni tó wà níta kò ní wọlé. Ewúrẹ́ á dúró. Ìyàwó kan rọbí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìta ni agbẹ̀bí dúró sí tó ń pariwo "Ṣe gírí!" títí ọmọ fi wálẹ̀. Ọkùnrin kan lo ọjọ́ mọ́kànlá nínú ilé torí pé Tìrìmísíyù gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó rántí, akódà ló lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ ọ̀daràn.

Dáúdà bi í lọ́jọ́ kan nígbà tó wà lọ́mọdé pé, "Bàbá àgbà, kí lẹ fi sínú igi yìí?"

"N ò fi nǹkan kan sí i. Àwọn ará ìlú ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ré e kọjá, wọn ò ní ta ẹja fún un mọ́, wọn ò ní kí i, ọmọ ẹ̀ nìkan ló máa sin ín." Bàbá tẹ igi náà nílẹ̀. "Ọjọ́ tí wọn ò bá gbà mọ́, igi ìdáná ni."

Ọ̀pá yìí ni Dáúdà fi ń ṣọ́ Itamaga. Fún ọdún mẹ́fà, ó fi lé ajá, ó fi dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, ó fi la ìjà nídìí omi ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó bi í léèrè nǹkan kan, títí di Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo fóònù tó wà ní Ìkòròdú ló ń pariwo pé gbọ́mọgbọ́mọ ti wọ̀lú. Láàárọ̀, wọ́n ní ọmọ méjì ló sọnù. Kó tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ti di ogójì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọmọ tí wọ́n ní ó sọnù ti ju gbogbo ọmọ tí wọ́n tíì bí ní Ìkòròdú lọ. Ìyá kan sì wà tó ń fi okùn so ọmọ ẹ̀ mọ́ ìdí, tó bá fẹ́ wẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ wẹ̀.

Inú ọ̀sẹ̀ yìí ni Mùsílímátù sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Itamaga. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, kò sì ní fóònù tó ń pariwo. Hafeezah ọmọ rẹ̀ ló bímọ ní Ìgbògbò, ìsọmọlórúkọ di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìyá náà gbé báàgì kan dání. Ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, tẹ̀sùbáà wà níbẹ̀, aṣọ funfun ọmọ tuntun wà níbẹ̀, ìgò hàntú kan sì wà níbẹ̀: omi dúdú tí àáfà fi fọ wàláà tó kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sí, tí ìyá ọmọ máa mu, tí wọ́n á kán díẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu. Ọmọ méje ni Mùsílímátù bí, kò sí èyí tó wọ ayé láìtọ́ ọ wò.

Ibi tó ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e lọ sí Ìgbògbò ló ti rí ọmọbìnrin kan, ọmọ bí ọdún mẹ́ta, tó ń dá sunkún létí títì. Ó fún un ní bisikíìtì.

"Kí lorúkọ màmá ẹ?"

"Mọ́mì."

Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù léèrè ẹni tó ń jẹ́ Mọ́mì. Ṣọ́ọ̀bù kejì ló dé tí ẹnì kan fi kígbe "Gbọ́mọgbọ́mọ!"

Kí ó tó pe ìdajì ọ̀rọ̀ náà, igba èèyàn ti pé. Táyà dé. Tí táyà kẹ̀kẹ́ bá jò ní Itamaga, èèyàn lè wá èyí tó máa pààrọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n táyà tí wọ́n máa fi kọ́ ènìyàn lọ́rùn, mẹ́fà ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti já gèlè ìyá náà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú òsì rẹ̀, nígbà tí Dáúdà gba abẹ́ apá àwọn èèyàn wọ àárín wọn. Ó fọn fèrè, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó gbá ìyá náà mú lápá kan, ó gbé ọmọ lápá kejì, ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù Rodiat aránṣọ, ó tì wọ́n sínú.

"Rodiat, fi kọ́kọ́rọ́ sí i!"

"Bàbá, ẹ̀rọ ìránṣọ mi mẹ́rin ló wà níbí o! Tí wọ́n bá jó o ńkọ́?"

"Fi kọ́kọ́rọ́ sí i ná, ẹ̀gbọ́n mi lobìnrin!"

Rodiat, tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Dáúdà gbé ọ̀pá dábùú ẹnu ọ̀nà, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Anwar tó ń gun ọ̀kadà ló ṣíwájú, táyà kọ́ ọ léjìká bíi báàgì iléèwé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó kọ́kọ́ tẹ̀ ba. "Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà, a fẹ́ dáná sun ìyá yẹn."

"Ọmọ mi, wo ilẹ̀. Ọ̀pá akódà nìyẹn. Láti ayé bàbá àgbà mi, ẹnikẹ́ni kì í ré e kọjá."

Ariwo rọlẹ̀. Dáúdà rò pé wọ́n ti gbọ́; àṣé fóònù ni wọ́n ń fà yọ kí wọ́n lè ya fọ́tò igi. Anwar gbé ẹsẹ̀, ó ré ọ̀pá kọjá. Ó tún padà sẹ́yìn. Ó tún ré e kọjá, bí ọmọ tó ń ta sùwé.

"Bàbá, ṣé mo ti kú?"

Gbogbo oríta bú sẹ́rìn-ín. Dáúdà wo igi náà nílẹ̀. Gbogbo àwọn tó gbà láyé ọjọ́sí ti kú, wọ́n sì ti kó ìgbàgbọ́ wọn lọ. Ó fa fóònù yọ, ó pe àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, wọ́n fẹ́ dáná sun ìyá àgbàlagbà kan ní Itamaga."

"Kò sépo nínú mọ́tò wa, bàbá."

Dáúdà wo iwájú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. "Ọ̀gá, epo wà níbí o."

"Ẹ dá wọn dúró fún wa."

"Kí n fi kí ni dá wọn dúró?"

Fóònù ti kú. Ó gbójú sókè, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹnì kan ti bi láti àárọ̀. "Ta ló lọ́mọ?"

Olúkúlùkù wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ní, ta ló lọ́mọ tí wọ́n fẹ́ gbé?"

"Ọmọ gbogbo wa ni!" Fọláwùmí ló dáhùn, obìnrin tó sá jáde láti ọ̀dọ̀ onídìrí, apá kan orí rẹ̀ dídì, apá kejì dúró bí ìgbálẹ̀, òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ gbé e jáde jàre! Tí kì í bá ṣe ọmọ yín, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń dun ìyá!"

Igba èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Anwar ti tú báàgì ìyá náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó gbé ìgò hàntú sókè. "Ẹ wò ó! Ẹ wo omi dúdú! Èyí ló ń fún wọn mu, tí wọ́n á fi máa tẹ̀ lé e!"

"Hàntú ni," Dáúdà sọ. "Èmi náà ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Hàntú ìsọmọlórúkọ ni."

"Irọ́!" Ọkùnrin kan sọ láti ẹ̀yìn. "Àáfà ni bàbá tó bí mi. Ti bàbá mi ò dúdú tó yẹn!"

"Tó bá jẹ́ hàntú, ẹ mu ún ká wò!" Anwar sọ.

Dáúdà kò tíì jẹun láti àárọ̀, ọgbẹ́ inú sì ti ń bá a fínra fún ọdún méjìlá. Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fẹnu kò ná. Tí mo bá mu ún, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí títí wọ́n á fi pe ìrun Alásàrí. Tí mo bá kú, tàbí tí mo bá ya wèrè kó tó dìgbà yẹn, ọ̀nà yín rèé. Tí mi ò bá kú, ẹ máa lọ sílé."

Wọ́n jiyàn lé e bí ìgbà tí wọ́n ń ṣòfin orílẹ̀-èdè. Ẹnì kan ní kí wọ́n mi ìgò náà kí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ má bàa kù nílẹ̀. Òmíràn bèèrè pé tó bá di àgbò ńkọ́, ṣé ìyẹn wà lára wèrè? Wọ́n dìbò, wọ́n ní àgbò wà lára wèrè. Ni gbogbo wọn bá gbà. Dáúdà gbé ìgò sẹ́nu, ó mu ún tán, ó jókòó sórí ìloro. Aago méjìlá ààbọ̀ ni.

Igba èèyàn jókòó tì í láti wò ó bó ṣe máa kú. Àwọn kan ra omi tútù. Àwọn kan ń wo orí rẹ̀ bóyá ìwo ti ń yọ. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fa àdá yọ, ó kọjú sílẹ̀kùn. Anwar fi táyà gbá a láyà sẹ́yìn.

"Ṣé o ò gbọ́ pé a ti fẹnu kò ni? Dúró kí bàbá kú ná!"

Dáúdà wò ó, kò lè rẹ́rìn-ín. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbà, ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ akódà. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Mùsílímátù ń ka Yásíìn. Ní aago méjì, ọgbẹ́ inú dìde. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ọ̀bẹ gbígbóná fa ìfun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ dún, gbogbo oríta gbọ́, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbọdọ̀ di inú mú. Kò gbọdọ̀ kérora. Tó bá wúkọ́ báyìí, ìyá náà ti jóná. Òógùn bo ojú rẹ̀, ó ń fi eyín jẹ ahọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń dà sí i lọ́fun, ó ń gbé e mì kí wọ́n má bàa rí i.

"Ó ń làágùn!"

"Oòrùn ni," Dáúdà sọ. Ohùn kékeré báyìí ló jáde. "Ṣé ẹ̀yin ò làágùn ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ń làágùn. Wọ́n jókòó padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò mọ̀ bóyá òun ṣì wà láyé, ohùn Yásíìn nìkan ló ń gbọ́, ó ń ka ẹsẹ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka òpó iná lójú ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ládàánì pe ìrun Alásàrí, igba èèyàn mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Dáúdà fọwọ́ ti ògiri dìde, ó kan ilẹ̀kùn. Rodiat ṣí i. Ọmọ ọ̀hún ló kọ́kọ́ jáde, bisikíìtì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá sáré tààrà lọ bá Fọláwùmí.

"Mọ́mì!"

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ Fọláwùmí, ó já lé e lẹ́sẹ̀, kò tiẹ̀ ké. Láti àárọ̀ ló ti gbà pé ọmọ òun ń sùn lórí ẹní ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sí ẹnikẹ́ni tó gbà pé òun wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Gbogbo wọn ló ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ wọn. Hafeezah, tí ẹnì kan fi fídíò ìyá rẹ̀ hàn lórí fóònù, sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìyá rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ.

Ìgbà yẹn ni epo dé. Ọlọ́pàá mẹ́rin bẹ́ sílẹ̀, wọ́n yìnbọn mẹ́ta sókè lóríta tí kò sẹ́nìkan, wọ́n já wáyà iná.

"Níbo lọ̀daràn wà?"

"Kò sí ọ̀daràn, sà."

"Ẹ̀rí ńkọ́? Wọ́n ní omi dúdú kan wà."

"Mo ti mu ún, sà."

"O mu ẹ̀rí?" Ọ̀gá wọn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Wọ inú mọ́tò."

Ọjọ́ méjì ni Dáúdà fi jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Wọ́n wá òfin tí wọ́n lè fi mú ẹni tó mu hàntú, wọn ò rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ní kó máa lọ. Ó gba Ìgbògbò lọ, ó di inú mú, ó ń bèèrè ilé Hafeezah.

Àáfà ti sọ ọmọ ní Hanifah nígbà tó wọlé. Ojú òsì Mùsílímátù ti wú pa. Hafeezah gbé ọmọ síwájú rẹ̀, kí ìyá àgbà gbé e bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mùsílímátù jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Màámi, ẹ gbà á."

"Gbé e fún ẹlòmíì."

"Ọmọ yín ni, Màámi."

"Ṣé àwọn ará ìta mọ̀?"

Dáúdà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ gbà á. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa dúró sí."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan ni, mà."

Mùsílímátù ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ná. Dáúdà jáde, wọ́n tìlẹ̀kùn. Ó ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n fa aṣọ bò ó. Wọ́n fà á. Ooru oṣù kẹta bo gbogbo wọn nínú òkùnkùn, òógùn ń kán nínú fìlà àáfà, ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá na ọwọ́. Bí ọmọ ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, ọmọ figbe ta.

Níta, nínú oòrùn, Dáúdà ń gbọ́ ọ. Ó tún ń gbọ́ ohùn Mùsílímátù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń bẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. "Dákẹ́, jọ̀wọ́. Dákẹ́, ìyá mi. Wọ́n á gbọ́."

Obìnrin méjì tó ń kọjá dúró. Wọ́n wo fèrèsé tí wọ́n tì ní ọ̀sán gangan, wọ́n wo ara wọn. Dáúdà kí wọn. Wọn ò dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń fa fóònù yọ.